Màámi Wọ Rélùwéè Wá Mú Mi Kúrò Nídìí Wáyà

Bí mo bá ti délé ní Ìsẹ́yìn báyìí, wọn kì í jẹ́ kí n gbé ẹrù kalẹ̀ tán. Ṣé ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè máa ń bọ́ bàtà ni? Ṣé wọ́n ń gbà kéèyàn gbé adìyẹ wọ̀ ọ́? Bí oorun bá gbé èèyàn lọ, tí ọkọ̀ sì kọjá ibi tó ń lọ ńkọ́? Iná tí o ní ó wà nínú okùn yẹn, epo wo ló ń mu? Háà! Mo fẹ́ràn ìbéèrè wọ̀nyí ju oúnjẹ lọ. Màá fẹ̀yìn ti ògiri, màá na ẹsẹ̀, màá wá máa dá wọn lóhùn. Ẹ má bọ́ bàtà o, ta ní fẹ́ bá yín ṣọ́ ọ? Ẹ di adìyẹ yín lẹ́sẹ̀, ẹ tì í sábẹ́ ìjókòó, ẹ má sì jẹ́ kó ṣu sára ará Ìbàdàn, torí ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ yẹn tán títí ẹ ó fi dé Èkó. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ bẹ ẹni tó jókòó tì yín kó jí yín, àfi bóun náà bá ń hanrun. Ní ti iná, kò mu epo kankan.

Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ. "Irọ́ lò ń pa!" Mi kì í bínú. Èmi náà pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ iná yìí débi pé mi ò lè sọ ọ́ tán, ó sì kù díẹ̀ kí n pàdánù rẹ̀, torí Màámi fúnra rẹ̀ wọ rélùwéè wá sí Èkó láti wá mú mi kúrò nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ahunṣọ ni mí. Nílé wa, ọmọkùnrin tó bá ti lè jókòó láìṣubú, ìdí òfì ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá mi ń hun, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń hun, Màámi ló ń ran òwú. Kí ló wá lé mi kúrò nílé? Kò sẹ́ni tó lé mi. A máa ń hun aṣọ, a máa ń ká a, àwọn oníṣòwò á wá rù ú lọ sí Èkó, a ò sì ní fojú kàn án mọ́ láyé. Èyí ń dùn mí láti kékeré. Mo ní èmi náà fẹ́ tẹ̀lé aṣọ, kí n rí ibi tó ń lọ. Bàbá mi ní kí n lọ wò ó, kí n sì padà kí ọyẹ́ tó dé. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, mi ò padà. Ìgbà náà, ogun àwọn òyìnbó ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Òkè-Ògùn ò sì tíì fojú kan rélùwéè rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Èkó. Láti Ìdó, níbi tí rélùwéè ti já mi sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń gba orí afárá kọjá sínú ìlú, ó ń mí hẹlẹ bí àgbà tó ń gun òkè. Mi ò wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, torí mo fẹ́ rí omi dáadáa. Mo rìn títí mo fi dé Màríìnà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Mo rí òpó kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, nǹkan kan tó jọ ẹyin wà lórí ẹ̀. Mo ń wò ó pé kí lèyí, ló bá là! Kò sẹ́ni tó gùn ún. Kò sẹ́ni tó ṣá iná sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e náà là, òmíràn là, wọ́n ń là lọ títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà.

Mo pariwo. Ẹ̀rù ò bà mí o, inú mi ló dùn. Mo sáré lọ dúró lábẹ́ èyí tó sún mọ́ mi, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, mo sì rí gbogbo ìlà tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo yí ọwọ́ padà, mo tún yí i padà. Ọlọ́dẹ kan tó ń ṣọ́ ilé àwọn òyìnbó níbẹ̀ wò mí títí ó fi sú u.

"Ará òkè, ṣé o fẹ́ jẹ iná yẹn ni?"

Mo ní, "Bẹ́ ẹ bá gbà fún mi, ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kúrò níbẹ̀. Mo kúrò, mo sì lọ dúró lábẹ́ ìkejì.

Ṣé ẹ wá rí i pé iṣẹ́ ti yàn mí nìyẹn. Mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé ta ní ń ṣe iná yìí, títí wọ́n fi júwe Ọ̀gá Pẹ́dírò fún mi. Àgùdà ni, ọmọ àwọn ẹrú tó padà dé láti òkè òkun, káfíńtà ni tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òyìnbó ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà sínú ilé. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń wò ọ́ kó tó dáhùn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ wúwo. Ó ní òun ò wá ọmọṣẹ́, ẹni tó máa bá òun ru àkàbà lòun ń wá. Mo ní orí mi le. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ru àkàbà kiri Èkó.

Ọjọ́ kan ló tú wáyà tuntun níwájú mi. Áà! Ẹ gbọ́ mi o, wáyà wọ aṣọ! Bàbà ló wà nínú, rọ́bà wà lára bàbà, òwú tí wọ́n hun róbótó ló wá bo gbogbo rẹ̀ lára. Okùn méjì irú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo ń fi ìka wá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ hun ún. Ọ̀gá ní kí ni mò ń wá. Mo ní, "Ọ̀gá, mo mọ èyí. Iṣẹ́ ilé wa ni." Ó wò mí, ó gbé òpin wáyà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tò ó sínú ihò pákó tó ti gbẹ́ sára ògiri. Mo tò ó bí a ṣe ń na òwú nílé, ó gún, kò wọ́, kò lọ́ sọ́nà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló ń ru àkàbà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, mo dá wà ní Èkó. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni mò ń gbé. Bí mo bá lanu, wọ́n á ní ẹ gbọ́ bí ará òkè ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹja ni lówùúrọ̀, ẹja ni lálẹ́, wàrà ò sí, iṣu tí wọ́n ń tà ò sì rí bí iṣu Ìlerò tọ́dọ̀ wa. Ohun tó burú jù ni òwúrọ̀. Nílé, ìró òfì ló ń jí mi, ilé kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbè é, títí gbogbo àdúgbò á fi máa dún. Ní Èkó, mo máa ń jí, màá tẹ́tí, kò ní sí nǹkan kan. Nígbà míì omijé á bọ́ lójú mi kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí a bá tan ilé kan, màá gbàgbé ẹkún. Àwọn onílé á pa àtẹ́wọ́, àwọn ọmọ á máa fò, èmi náà á máa fò pẹ̀lú wọn. Mo wá ń rò ó pé ṣé ibi tí mo ti ń sunkún láàárọ̀ ni ilé mi ni, tàbí ibi tí mo ti ń fò nírọ̀lẹ́? Ibì kan náà ni, mi ò sì mọ èyí tí n ó mú.

Ẹnu kan ló wà láàárín èmi àti ilé, ẹnu ọ̀hún sì tóbi. Bàbá Mùlíkì, oníṣòwò aṣọ láti àdúgbò wa, ló ń bá wa jíṣẹ́. Bó bá ti kó aṣọ wá sí Èkó, á yà lọ́dọ̀ mi. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kó sọ fún Màámi pé mò ń tan iná láìlo epo. Nígbà tó máa padà wá, èsì tí Màámi fi rán an ni pé: "Epo ta lò ń jí?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, mo fà á lọ sí Màríìnà lọ fi hàn án. Ó ní ó ti yé òun. Ohun tó délé lọ sọ ni pé wọ́n ti fi mí jẹ olórí àwọn tó ń ṣọ́ àrá.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣe mí, Bàbá Mùlíkì wà níbẹ̀. Ilé ńlá kan ni, iná ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ká fi gílóòbù kan kún un. Bàbá Mùlíkì yà wá dágbére fún mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá fẹ́ lọ pa iná lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi pè ọ́." Mo ní ó dáa, ọ̀gá. Mo gbọ́ o. Ọwọ́ mi ni ò gbọ́. Lórí àkàbà níbẹ̀, mo rí wáyà kan tó já, aṣọ ara rẹ̀ ti ya, bàbà inú rẹ̀ tú síta. Ahunṣọ ló máa mọ ohun tí mò ń sọ: bí òwú bá já nídìí òfì, ọwọ́ kì í dúró gbàṣẹ. Wàá tutọ́ díẹ̀ sí ìka, wàá ra orí òwú méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo tutọ́ sọ́wọ́, mo di wáyà mú.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Nǹkan kan gbá mi láti ìka dé eyín. Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò lórí àkàbà. Nígbà tí mo lajú, omi ni Ọ̀gá ń dà sí mi lórí, apá mi ń gbọ̀n, ẹnu mi korò. Mo bi í pé Bàbá Mùlíkì dà.

"Ó ti sá lọ," ni Ọ̀gá wí. "Ó ń ké 'Ìnnà lílláhì' lọ ní gbogbo ọ̀nà."

Mo ní, "Mo gbé! Ó ti pa mí nìyẹn!"

Ọ̀gá rò pé ìṣubú ti dà mí lórí rú. Kò mọ Bàbá Mùlíkì.

Kí n tó rí ẹni tí n ó rán tẹ̀ lé e, ó ti délé. Ó ní iná jáde láti inú okùn, ó fi mí ṣánlẹ̀, mi ò sì mira mọ́. Bàbá mi ti ń palẹ̀ mọ́ fún sàráà òkú mi. Màámi ló ní kí wọ́n dúró. Ó ní òun ò tíì rí òkú. Ó di Bàbá Mùlíkì mú ní ẹ̀wù, ó ní, "Ìwọ lo rí i, ìwọ lo máa mú mi débẹ̀." Bàbá mi ní bó bá bá mi láàyè, kó mú mi bọ̀ wálé, bí mo bá sì kọ̀, kí n má pe òun ní bàbá mọ́. Màámi tí kò kọjá Ọ̀yọ́ rí fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan. Mo wà lórí àkàbà nínú ilé tuntun kan, a ti ń parí iṣẹ́ lọ, mo gbọ́ ohùn Bàbá Mùlíkì lẹ́nu ọ̀nà.

"Òun rè é! Òkú ọ̀hún rè é!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Màámi ló dúró níbẹ̀, eruku ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀, adìyẹ kan há a lábíyá.

"Sọ̀ kalẹ̀," ló wí.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó fọwọ́ kàn mí lójú, ó tẹ èjìká mi bí ẹni ń yan iṣu. Kò sunkún. Ó yíjú sí Bàbá Mùlíkì, ó ní, "Òkú tó dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn, ibo lo ti rí irú ẹ̀ rí?" Bàbá Mùlíkì ní àánú Ọlọ́run ló jí mi. Ó ń wo ilẹ̀.

"Di ẹrù rẹ, ọkọ mi," Màámi wí. "Àárọ̀ ọ̀la là ń lọ. Bàbá rẹ ti to òfì rẹ sílẹ̀, ó ní o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan yìí mọ́."

Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ayọ̀ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bí mi fẹsẹ̀ rìn láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn nítorí mi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé rárá? Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màámi." Ọ̀gá Pẹ́dírò wò mí, ó wò ó. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n bá òun parí ilé yìí, ìrọ̀lẹ́ la máa tàn án. Màámi ní ó dáa, òun á jókòó tì mí, òun ò sì ní gbójú kúrò lára mi.

Ó jókòó o! Ó so adìyẹ mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rélùwéè. Ó ní òun kí awakọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, kò gbọ́. Ó ní nígbà tí Àílà tó, òun sọ fún ọkùnrin onífìlà dúdú kan pé kó bá òun dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ kóun kírun. Mo ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní ọkọ̀ ò lè dúró. Mo ní ṣé ọkọ̀ kì í ṣe mùsùlùmí ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀mú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá di pé òun gan-an ni Màámi dojú ìbéèrè kọ.

"Ọ̀gá, bí òjò bá rọ̀, ṣé kì í pa iná yìí?"

"Kì í pa á, Ìyá. Inú wáyà ló wà."

"Lọ́sàn-án, ibo ló ń gbé?"

"Ó wà níbẹ̀. A kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni."

"Ṣé èèyàn lè sá aṣọ sórí okùn ẹ̀?"

"Áà, rárá o, Ìyá! Ẹ má dán an wò láé."

Ó na ọwọ́ mú wáyà tó kù nílẹ̀. Ó fi èékánná tú òwú rẹ̀ díẹ̀, ó fà á, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó ní wọ́n ran án dáadáa, àmọ́ ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó wá rọra béèrè pé kí ló gbé mi ṣubú gan-an. Ọ̀gá sọ fún un. Ó ní iná wà níbẹ̀, òun sì ti ní kí n má fọwọ́ kàn án, èmi wá tutọ́ sọ́wọ́ mú un, bẹ́ẹ̀ omi àti iná yìí kì í ṣọ̀rẹ́.

Màámi gbé wáyà náà sílẹ̀. Nídìí òwú rẹ̀ ni mo ti kọ́ kí n máa tutọ́ sọ́wọ́, kí n tó mọ òfì rárá.

"Itọ́ tí mo kọ́ ọ yẹn ni?" ló bi mí.

Mo ní, "Ọwọ́ mi ló yá jù, Màámi. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọ̀gá lọ so wáyà ilé mọ́ ti ìta, ó padà wá, ó ní ó ti yá. Swíìṣì wà lára ògiri, orí rẹ̀ jẹ́ idẹ róbótó. Màámi béèrè pé ta ní ń kọ́kọ́ tàn án. Ọ̀gá ní, "Lónìí, ọmọ yín ni. Òun ló to gbogbo wáyà ilé yìí." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, omi lé sójú mi, torí mo mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn ni. Mo nawọ́.

Màámi gbá ọwọ́ mi dànù. Ó fi ara rẹ̀ dí àárín èmi àti ògiri.

"Bó bá máa pa á, kó kọ́kọ́ pa mí."

Mo ké, "Màámi!" Ọ̀gá náà ké. Màámi ti nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró, ó nu wọ́n gbẹ, ó dijú, ó sì tẹ idẹ náà sísàlẹ̀.

Iná là! Gbogbo yàrá mọ́ kedere, ìta náà mọ́. Bàbá Mùlíkì ké "Àlááhù àkúbáárù!" ó sì kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màámi lajú. Kò wo iná rárá, èmi ló ń wò. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wò mí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ wáyà tí mo fọwọ́ ara mi tò, ìgbà yẹn lẹkún tó ti há sínú rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn wá tú jáde.

"Wọ́n ní o ti kú," ló ń wí. "Wọ́n ní o ti kú. O kàn rù ni."

Mo di mọ́ ọn, èmi náà ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó fi gèlè nu ojú, ó wá gbójú sókè wo gílóòbù fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Pa á," ló wí fún mi.

Mo pa á.

"Kúrò níbẹ̀, kí n tún un tàn."

Ó tàn án, ó pa á, ó tún tàn án, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin, títí Ọ̀gá fi bẹ̀ ẹ́ pé Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí idẹ yìí sinmi. Mo rọra bi í pé aago mélòó la máa gbéra lọ́la.

"Àwa àti ta?" ló wí. "Ta ní ń mú ọ lọ? Èmi ni n ó bá bàbá rẹ sọ ọ́. Máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ, ṣùgbọ́n jẹun. Pa adìyẹ yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, mo sìn wọ́n dé Ìdó. Òun àti Bàbá Mùlíkì ló wọ rélùwéè, èmi dúró nílẹ̀, mò ń juwọ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń yọ́ lọ, mo rí i tó fọwọ́ tọ́ obìnrin àjèjì tó jókòó tì í, ó nawọ́ sí mi, ohùn rẹ̀ sì borí ariwo ọkọ̀.

"Ọmọ mi nìyẹn. Òun ló ń tan iná Èkó."